Báàgì àwọn kúrúù (àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù) gba gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù òkè orí mi nínú bàálù, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Àdùkẹ́Houston:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí látọjọ́ Sátidé ló ti ń ká mi lára. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ṣègbéyàwó ní Chicago, èmi sì wọ bàálù láti Houston níbí. Mo fowó kún owó tíkẹ́ẹ̀tì mi kí n lè jókòó síwájú, ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àwọn olówó, torí orúnkún mi ò gba kí n ká ẹsẹ̀ pẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó níbẹ̀ rí á mọ̀ pé ògiri ló kọjú sí èèyàn, kò sí ìjókòó kankan níwájú tí ẹ lè ti báàgì sábẹ́ ẹ̀, títí kan pọ́ọ̀sì ọwọ́ yín, òkè ni gbogbo ẹ̀ ń lọ kí bàálù tó gbéra.

Mi ò pẹ́ dé o, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òkè orí mi, kí ni mo rí? Àpótí dúdú méjì onítáyà tí wọ́n so táàgì pupa mọ́, wọ́n kọ CREW sára ẹ̀ gàdàgbà, kúlà oúnjẹ kan tún wà láàárín wọn, wọ́n wá ká kóòtù yúnífọ́ọ̀mù lé gbogbo ẹ̀ lórí bí ẹni tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àyè tí èèyàn lè ti ìwé bọ̀ ò sí níbẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní tiwọn nìyẹn, kí n lọ wá àyè lẹ́yìn. Ẹ̀yìn wo? Ìlà 22 ni mo ti rí àyè!

Ẹ ò tíì mọ ohun tó wà nínú báàgì mi. Ótò gèlè ni o, aṣọ òkè tí mo ti sanwó kí wọ́n bá mi wé sílẹ̀ kó má baà sí wàhálà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé e sínú páálí, mo wá gbé páálí sínú báàgì. Ọkùnrin kan dé lẹ́yìn mi níbẹ̀, ó gbé àpótí tiẹ̀ síbẹ̀, kò wọlé, ó fi èjìká tì í títí ó fi wọlé. Èmi ń wò ó láti iwájú, mi ò lè ṣe nǹkan kan torí èrò ti kún ojú ọ̀nà. Nígbà tá a balẹ̀ ní Chicago, mo ní láti jókòó títí gbogbo ayé fi bọ́ sílẹ̀ tán kí n tó lè lọ mú ẹrù mi lẹ́yìn, èmi tí mo sanwó iwájú o! Mo dé òtẹ́ẹ̀lì, mo ṣí báàgì, gèlè ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí òkèlè ẹ̀bà tí ọmọdé jókòó lé.

Ìbéèrè mi ni pé, ta gan-an ló ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn? Ká ní mo ti gbé àpótí wọn kúrò tí mo lọ gbé e sí ìlà 22, kí ni wọ́n lè fi mí ṣe?

Dallas_Boy:

Fi yín ṣe kẹ̀? Wọ́n á kàn ní kí ẹ máa bọ̀ nílẹ̀ ni, ọlọ́pàá á dúró dè yín ní géètì, gèlè á sì lọ Chicago láìsí orí. Ẹ má dán an wò láé.

ỌmọÌjẹ̀bú_ATL:

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀ gèlè. Ọdún méje ni mo fi ṣe iṣẹ́ kúrúù nínú bàálù kí n tó fi í sílẹ̀, ẹ̀yìn tó ń dùn mí ló lé mi kúrò, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí látinú ilé wá.

Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe tàwọn kúrúù. Nọ́ńbà tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì yín, ìjókòó nìkan ló ń tọ́ka sí. Òkè yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbẹ́rù síbẹ̀, kúrúù ló sì máa ń kọ́kọ́ dé torí wọ́n ti wà nínú bàálù kí wọ́n tó pe èrò rárá.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kó tiwọn sínú ikùn bàálù. Ẹ wò ó, ìrìn àjò kan lè gba ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bàálù mẹ́ta mẹ́rin lóòjọ́, bí ẹ ṣe ń bọ́ nínú eléyìí lẹ ń sáré lọ wọ òmíì ní òpin kejì pápákọ̀, nígbà míì ìṣẹ́jú 40 ló wà láàárín méjèèjì, ẹ ò lè lọ dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń yí ẹrù kí àpótí yín tó jáde. Tí àpótí bá lọ sí Denver tí ẹ̀yin wà ní Boston, yúnífọ́ọ̀mù ọ̀la ti lọ nìyẹn, oògùn yín náà ti lọ. Kúlà tí ẹ rí yẹn, mo lè búra pé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, èmi jọ̀lọ́ọ̀fù ni mo máa ń dì nínú ike, màá to yìnyín yí i ká, torí owó tí wọ́n ń ta búrẹ́dì ní pápákọ̀, tí ẹ bá ń rà á lójoojúmọ́, owó oṣù yín á tán síbẹ̀. Tí ẹ bá wọ bàálù ńlá tó ń lọ Èkó ẹ ò ní rí irú èyí púpọ̀, bàálù kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì, àpótí ńlá wọn máa ń lọ sínú ikùn bàálù.

Láyé àtijọ́ kọ́lọ́fín kan máa ń wà níwájú tàbí lẹ́yìn tí kúrúù ń kó ẹrù sí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti yọ ọ́ dànù kí ìjókòó lè pọ̀ sí i. Ẹrù tó ń gbé kọ́lọ́fín tẹ́lẹ̀ wá di ẹrù tó ń gbé òkè orí yín.

Ṣùgbọ́n mi ò ní gbè sẹ́yìn ọmọbìnrin yẹn tán o. Àpótí méjì, mo gbà. Kóòtù ńkọ́? Kóòtù kì í gba àyè, orí ẹrù ló ń gbé, ẹni tó bá dé lẹ́yìn á kàn gbé e sókè, á ti báàgì tiẹ̀ sí i, á dá kóòtù padà. Kúlà náà, ó lè fi í lé orí àpótí. Wọ́n kọ́ wa pé àwọn tó bá jókòó síbi ògiri, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún wọn torí wọn ò ní abẹ́ ìjókòó tí wọ́n lè lò, ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́, ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá la máa ń kó tiwa sí. Ó yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíì, èmi ò lè sọ ti ibòmíì. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó bá yín tún òkè ìlà kejì àti ìkẹta tò, ẹ ò mọ iye àyè tó ń jáde tí èèyàn bá kàn yọ jákẹ́ẹ̀tì àti báàgì ìwé kékeré táwọn ọ̀dọ́ gbé dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Baba_Ṣeun:

Èmi ò gbà rárá. Ẹ̀yin kúrúù, ẹ mọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún sọ. Mo sanwó, mo fẹ́ àyè, ó parí. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó tọ́jú mi ló wá ń gba àyè mọ́ mi lọ́wọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti rí dẹ́rẹ́bà danfo tó gbé ẹrù ilé ẹ̀ sí ìjókòó èrò rí?

Dallas_Boy:

Bàbá, ẹ̀yin ò wọ danfo rí nìyẹn. Jákì, sípéà táyà, gálọ́ọ̀nù omi, bàtà kọndọ́, níbo lẹ rò pé ó ń wà? Abẹ́ ẹsẹ̀ yín náà ni o 😂 ẹ kàn ká orúnkún yín mọ́ àyà títí Ọ̀jọ́ta.

ỌmọÌjẹ̀bú_ATL:

Baba Ṣeun, ẹ má bínú sir. Owó tẹ́ ẹ san yẹn, ẹ lọ ka ohun tí wọ́n kọ sí i, wọ́n ní ẹ lè gbé báàgì kan wọlé TÍ ÀYÈ BÁ WÀ. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ èmi àtẹ̀yin rárá. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tó lọ sínú ikùn bàálù, ọ̀fẹ́ ni. Lọ́dún 2008, epo gbówó lórí, American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í gba 15 dọ́là lórí báàgì àkọ́kọ́, kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù náà fi tẹ̀ lé e. Kí lèèyàn á ṣe? Gbogbo èèyàn di ẹrù wọn sínú àpótí kékeré, wọ́n gbé e wọlé. Kọ́bọ́ọ̀dù tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ wá di ibi tí èrò 160 ń kó àpótí sí. Ilé-iṣẹ́ ń gbowó nísàlẹ̀, èmi àtẹ̀yin ń jà lókè.

Ẹ tún wo eléyìí. Nígbà tí ẹ ń wọlé tí ẹ ń ti àpótí, tí ẹ ń pè mí kí n wá bá yín gbé e, wákàtí yẹn ò sí nínú owó mi. Ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn bàálù lowó kúrúù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà tẹ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ bàálù Delta ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san ìdajì owó wákàtí fún àsìkò tí èrò ń wọlé, ti American Airlines wọ inú àdéhùn tí wọ́n ṣe lọ́dún 2024. Àpótí èèyàn ni mo gbé lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn mi fi dá báyìí. Màmá kan ni, ó pè mí ní ọmọ mi, mi ò lè kọ̀, mo gbé e dé èjìká, mo gbọ́ tí nǹkan ró pọ̀ nínú ìdí mi. Mo wá bi màmá pé kí ló wà nínú ẹ̀. Ó ní ọlọ ata ni, ó ń mú un lọ fún ọmọ ẹ̀. Ọlọ!

Ìyábejì_Surulere:

Hahaha ọlọ kẹ̀! Àbí ọmọ náà ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta blẹ́ńdà?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ara wa, àwa èèyàn wa náà ò ṣàì dá kún un. Mo máa ń wọ bàálù Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo mọ ohun tójú mi ń rí. Wọ́n ní kílò 23 23 fún ẹrù ìsàlẹ̀, èèyàn á dì í dé kílò 27, wọ́n á ní kó yọ ọ́, ibo ló ń kó èyí tó yọ sí? Inú báàgì ọwọ́. Báàgì tó yẹ kó jẹ́ fún ìwé ìrìnnà àti aṣọ kan, ẹ wá bá gààrí, ẹja gbígbẹ àti ègúsí níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àǹtí kan níwájú mi gbé tiẹ̀ sókè, síìpù já. Èlùbọ́ lọ́ọ̀ọ́ láti òkè, ó dà sórí òyìnbó kan tó wọ kóòtù dúdú, ọkùnrin náà jókòó síbẹ̀, ó funfun bí eégún, ó ń wò wá, kò sọ̀rọ̀. Àǹtí wá ń fi gèlè nu orí fún un, ó ń sọ pé "sorry sir, it is food, it is food". Kúrúù tó wá gbá ilẹ̀, ojú ẹ̀ le koko, ẹ ò lè dá a lẹ́bi.

Ti inú Nàìjíríà tún yàtọ̀. Àwọn bàálù kékeré tó máa ń kó èèyàn 50, irú ERJ-145, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì kéré, àpótí onítáyà ò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹ ó gbà á padà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn tí ẹ bá balẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀ torí kò sí àyè tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbà.

Ẹnjiníà_Bàálù:

Mo rí i pé kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa èyí. Iṣẹ́ àtúnṣe bàálù ni mò ń ṣe. Kì í ṣe gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n bá ní ẹ ò gbọdọ̀ lò ló jẹ́ ẹrù kúrúù ló wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ gáàsì ọ́síjìn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń paná, àpótí ìtọ́jú àkọ́kọ́ àti gbohùngbohùn ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n máa ń lẹ àmì mọ́ ọn. Ẹ má gbé nǹkan síbẹ̀, ẹ má sì gbé nǹkan kúrò níbẹ̀, torí tí èèyàn bá dákú nínú bàálù, ọwọ́ kúrúù gbọ́dọ̀ dé ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí láìwá a kiri. Ìdí kan nìyẹn tí àǹtí ò fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó bá jẹ́ ti kúrúù láìtọrọ àyè.

Tí ẹ bá sì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà kékeré tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, ìwọ̀n ẹrù tó lè gbà nìyẹn, ọlọ ata ò sí nínú ìṣirò wọn. Òfin Amẹ́ríkà ní wọn ò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn bàálù kó máa lọ tí kúrúù ò bá tíì rí i pé gbogbo ẹrù ti wọ ibi tó yẹ, tiwọn náà wà nínú ẹ̀. Ẹ ó rí i pé tí àyè bá ti tán, ara wọn kì í balẹ̀ mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gba àpótí lọ́wọ́ èèyàn lẹ́nu géètì, torí gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń wá àyè, bàálù ò lè kúrò.

Tí wọ́n bá gba tiyín báyẹn, ẸJỌ̀Ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ power bank kúrò nínú ẹ̀. Kò gbọdọ̀ lọ sínú ikùn bàálù. Ní January 28, 2025, iná sọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè bàálù Air Busan kan ní pápákọ̀ Gimhae ní Gúúsù Kòríà kó tó gbéra, èèyàn 176 ló wà nínú ẹ̀, gbogbo wọn ló jáde, àwọn tó ṣèwádìí sì sọ pé ó jọ pé power bank ló fà á. Láti March 1 ọdún yẹn, ìjọba wọn ní kò gbọdọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù òkè mọ́ rárá, ara yín tàbí àpò ìjókòó ni kó wà, níbi tójú yín lè tó o. Òkè yẹn kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ lè gbàgbé nǹkan sí bí àjà ilé màmá àgbà.

Ohun tó dùn mọ́ni ni pé àwọn kọ́bọ́ọ̀dù tuntun ti ń tóbi sí i. Boeing tó ń ṣe bàálù ṣe èyí kan fún bàálù wọn 737, àpótí ń nàró nínú ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí ìwé tí wọ́n tò sórí pákó, mẹ́fà ló ń gbà níbi tí mẹ́rin ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, Alaska Airlines ló kọ́kọ́ lò ó lọ́dún 2015. Ìṣòro ẹ̀ ni pé èèyàn á ṣì dùbúlẹ̀ tiẹ̀ gbalaja, á jẹ àyè mẹ́ta, á ti ilẹ̀kùn, á wá máa wò bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan.

Baba_Ṣeun:

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun, ti gáàsì yẹn mo gbà. Ṣùgbọ́n kúlà ìrẹsì kì í ṣe gáàsì o. Mo ṣì dúró síbi tí mo dúró sí.

Àdùkẹ́Houston:

Ẹ ṣeun gbogbo yín, mo ti rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí, ọlọ àti èlùbọ́ ti jẹ́ kí n gbàgbé ti gèlè díẹ̀. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà lánàá, mi ò bínú sí ọmọbìnrin yẹn nínú ẹ̀, ohun tí mo kọ ni pé ẹ̀yin ta ìjókòó tí ò ní abẹ́ fún mi lówó gọbọi, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èmi nìkan ni mi ò ní ibòmíì láti gbé pọ́ọ̀sì sí. Wọn ò tíì dáhùn. Lọ́jọ́ tí mò ń padà bọ̀, mo bọ́ sí ìlà kẹta, mo ti báàgì sábẹ́ ìjókòó iwájú, orúnkún dùn mí ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀.

Ti gèlè, ọmọ kékeré kan nínú ẹbí ìyàwó, bóyá ọdún 19, ló gbà mí. Ó tú gbogbo ẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù olóoru na ojú ẹ̀, ó wé e tuntun sí mi lórí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tiẹ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní December mo tún ń lọ Maryland fún ọjọ́ ìbí. ỌmọÌjẹ̀bú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin wọn, tí mo bá wé gèlè mi sórí láti ilé wọ bàálù, ṣé wọ́n á kà á mọ́ ẹrù ọwọ́?

ỌmọÌjẹ̀bú_ATL:

Wọn ò ní kà á, àǹtí mi. Orí ló ń gbé e, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń yẹ ara wò lè ní àwọn fẹ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ní kí obìnrin ṣe é, kó sì rọra. Ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn yín nìkan ni mò ń bẹ̀ ẹ̀bẹ̀ fún, pàápàá tó bá jẹ́ Baba Ṣeun.